Ọjọ́ tí Sànní Sọdá Odò Kúbánní

Ẹ̀ṣẹ́ tí Dánjúmà fi gbá Láwàl lágbọ̀n dún bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ fò jáde ní imú Láwàl, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, orúnkún òsì rẹ̀ sì kan ilẹ̀ nínú eruku. Àwọn èrò tó yí wọn ká pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú ọ̀yẹ́ ọdún 1934, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ọkà bàbà wálé tán. Àsìkò bẹ́ẹ̀ ni àwọn alápatà Sáríà máa ń ja dámbe, dámbe kì í sì í ṣe eré ọmọdé. Wọ́n á fi àkísà di ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó fẹ́ jà, wọ́n á fi okùn wé e títí yóò fi le bí òkúta, ọwọ́ kan náà ni yóò sì máa fi luni. Ní ọdún yìí, wọ́n gbé agbo dámbe wá sí Sabon Gari, àdúgbò àwọn àjèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n ní kí ọkùnrin tó bá dá ara rẹ̀ lójú jáde. Láwàl ló bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ láti ko Dánjúmà, ọ̀kan nínú àwọn alápatà náà. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń gbé ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ.

Sànní, àbúrò rẹ̀, wà lẹ́yìn gbogbo èrò, ó fara ti igi máńgòrò. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Sànní, bí ènìyàn mẹ́ta bá sì ti péjọ síbì kan, òun ti ń wá ọ̀nà ilé. Kò báni jà rí, kò báni jiyàn rí. Ilé kéwú àti ìsọ̀ obì bàbá rẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ìyá wọn, Mùínàt, bí ọmọ mẹ́rin, ibà sì gbé méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni Mùínàt ti ń ṣọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Bí Sànní bá sín lẹ́ẹ̀kan, àgbo ti dé orí iná. Àwọn ọ̀dọ́ Sabon Gari sọ ọ́ ní Abẹ́-Ìborùn, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà láìjanpata.

Bí orúnkún Láwàl ṣe kan ilẹ̀, Dánjúmà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó na ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó ń kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìjà ti parí lójú tirẹ̀, nítorí òfin dámbe ni pé bí ọwọ́ tàbí orúnkún ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, onítọ̀hún ti ṣubú. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún Láwàl. Ìjàkadì ni àbúrò bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní Ìlọrin, nínú ìjàkadì tiwa sì rèé, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì lẹ̀ mọ́lẹ̀, a kò tíì dá a. Orúnkún kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni ń jà lè kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó gbé èkejì rẹ̀ ṣánlẹ̀.

Láwàl dìde. Dánjúmà gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ń yí ojú padà, ìgbà náà gan-an ni ẹ̀ṣẹ́ Láwàl tí wọ́n fi okùn wé bà á ní ojú òsì. Dánjúmà ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì wó lulẹ̀. Nígbà tó mú ọwọ́ kúrò lójú, ohun tó ń ṣàn sí ìka rẹ̀ kì í ṣe omijé.

Àwọn alápatà ya lu Láwàl. Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnì kan sì gbé àpótí ìjókòó là á mọ́ ẹ̀yìn títí àpótí náà fi tú sí méjì. Kàmọ́rù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ẹrù, àti àwọn ọmọ Sabon Gari bíi méjìlá ló fi òkò ja ọ̀nà wọlé tí wọ́n fi wọ́ ọ jáde.

Bàbá àgbà Hausa kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí Sànní wà. Ó ń mi orí. Ó ní ọmọ náà ti ṣubú, ó wá lọ lu ẹni tó ti yí ẹ̀yìn sí i, irú ènìyàn wo ni àwọn wọ̀nyí. Sànní gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sáríà ni wọ́n bí i sí, Hausa sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ fún bàbá yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde, ó sì pa ẹnu dé. Bàbá náà bá tirẹ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn alápatà ti ránṣẹ́. Wọ́n ní ojú òsì Dánjúmà ti fọ́, kò sì ní fi ríran mọ́. Wọ́n ní lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí Láwàl wá sí etí odò Kúbánní, tó wà láàárín Sabon Gari àti ìlú àtijọ́ inú odi, kí àwọn gba ọwọ́ ọ̀tún tó fi ṣe é. Bí kò bá wá, àwọn yóò wá gbà á nílé.

Bàbá wọn kò sí nílé, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ra obì ní Agége. Àwọn àgbà àdúgbò péjọ, wọ́n sọ̀rọ̀ gan-an, wọ́n pa òwe, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò lọ rí àwọn àgbà ìlú inú odi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ìjà tó ń bọ̀ ní Jímọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ lọ fi Àbámẹ́ta ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, àgbà náà sì ń bẹ̀rù.

Àgbàlá ilé Láwàl kún fún ọ̀dọ́. Láwàl jókòó sórí ẹní, ètè rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ kan ti dí pátápátá. Kàmọ́rù ló ń pàṣẹ. Ó ti kó ọ̀pá irin wá láti ibi iṣẹ́, ó ń pín in fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì ń pọ́n ọ̀bẹ. Nígbà tó kan Sànní, ó na kùmọ̀ kan sí i.

"Abẹ́-Ìborùn, ọ̀la ni a ó yọ ọ́ síta," ni Kàmọ́rù wí. "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹni tí kò bá bá wa lọ, tiwọn ló ń ṣe."

Gbogbo ojú wà lára Sànní. Ó gba kùmọ̀ náà. Ó rọrùn láti gbà á, kò sì sí ohun tó máa tù ú lára tó pé kó dúró sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ kó máa ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò sọ lábẹ́ igi máńgòrò ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fi ẹnu sún mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ fún un pé nínú dámbe, orúnkún tó bá kan ilẹ̀ ti parí ìjà, pé Dánjúmà kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń jà, pé ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo Láwàl bí ọ̀dàlẹ̀.

"Ẹ̀yìn mi kò kan ilẹ̀," ni Láwàl dá a lóhùn láti inú ètè tó wú.

Kàmọ́rù gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbá Sànní létí, ìgbátí náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí Sànní fi jókòó láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní bó bá tún gbè sẹ́yìn àwọn alápatà, orí rẹ̀ ni àwọn yóò fi dán ọ̀pá irin wò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Mùínàt ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn Láwàl. Nígbà tó jáde wá da omi ẹlẹ́jẹ̀ nù, ó bá Sànní nídìí ààrò, ó di kùmọ̀ mú. Sànní wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí orúnkún dórí ìgbátí.

Mùínàt gbọ́ ọ tán. Ó bi í pé ta ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Sànní ní Láwàl ni, kò sì gbọ́.

"Kì í ṣe Láwàl ló yẹ kó gbọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ wí.

Sànní mọ ibi tó ń lọ. Ó ní kí ìyá òun jọ̀ọ́, òun kò dé inú odi rí, àwọn alápatà yóò pa òun, ẹ̀rù ń ba òun.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni Mùínàt wí. "Bí mo bá lọ, wọn kò ní jẹ́ kí obìnrin dé àárín àgbàlá wọn, Hausa tèmi kò sì kọjá kí a ná ọjà. Ọmọ méjì ló kù fún mi. Bí o bá gbé kùmọ̀ yẹn lẹ́yìn ìrun, mo lè sin méjèèjì." Ó gba kùmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tì í bọ inú ààrò lábẹ́ ìkòkò. "Èmi ni mo fi ọ́ sábẹ́ ìborùn, Sànní. Mo rò pé ikú kò ní rí ọ níbẹ̀. Ní báyìí, ikú ti mọ ilé wa. Dìde, máa lọ."

Ó lọ. Ẹ má rò pé ó gbé àyà sókè lọ bí akin. Ó rìn kọjá ojú irin, ó padà sẹ́yìn. Ó tún lọ, ó dé etí odò Kúbánní, ó sì dúró. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, omi odò náà kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ewúrẹ́ ń la á kọjá. Síbẹ̀ ó dúró sí bèbè odò yẹn títí oòrùn fi mú un lórí. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ibẹ̀ ni ayé tirẹ̀ máa ń parí sí. Nígbà tó yá, ó rí i pé dídúró náà kò mú ẹ̀rù rẹ̀ dín kù, ó ń mú un pọ̀ sí i ni. Ó bọ́ sínú omi.

Ó gba ẹnu odi tí wọ́n ń pè ní Kọ́fà Dókà wọlé, ó béèrè ilé àwọn alápatà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta fùrá. Kò tíì dé àgbàlá náà tán tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi rí ilà ojú rẹ̀ tí wọ́n sì mọ ibi tó ti wá. Ẹnì kan já fìlà rẹ̀ gbà. Ẹlòmíràn fi ìwo màlúù gún un nínú ìhà, ẹ̀jẹ̀ sì yọ lára ẹ̀wù rẹ̀ funfun tó wọ̀ nítorí Jímọ̀. Sànní ní àbúrò Láwàl ni òun, ariwo wọn sì bo ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó tó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láàárín wọn. Gàrbà ni, àbúrò Dánjúmà, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní kí àwọn yòókù fi í sílẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n Sànní ti lu ẹ̀gbọ́n òun, òun yóò lù ú níwájú kí gbogbo ayé rí i. Wọ́n yí wọn ká. Gàrbà fi àkísà wé ọwọ́, ó sì gbá Sànní ní ikùn.

Sànní ká kò, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, Gàrbà sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i.

Sànní wo ẹ̀yìn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ gbẹ̀san ìwo màlúù, ẹ̀yìn náà ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, gbalaja. Ó rọra dìde. Ó ní, pẹ̀lú ohùn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, pé òun kò tíì ṣubú.

Gàrbà yí padà, ẹnu yà á. Ó tún gbá a, lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí. Eyín Sànní kan mì, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀. Gàrbà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Sànní dìde, ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó ní òun kò tíì ṣubú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò sí ẹni tó ń pariwo mọ́ nínú agbo. Ojú Sànní ń ṣú, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ń dìde. Ọwọ́ Gàrbà ti wá ń wúwo, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba òun.

"Ya isa," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. Ó tó.

Bàbá Tánkò ni, olórí àwọn alápatà, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ja dámbe fún ogún ọdún kí egungun rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Hausa náà sì mọ ìyẹn bí kò tilẹ̀ pa á lówe. Ó wọ inú agbo, ó gbá àgbọ̀n Sànní mú, ó wò ó. Ó bi í pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ṣubú, kí ló dé tó ń sọ pé òun kò ṣubú?

"Bàbá, ní ilé wa," ni Sànní wí, "ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ kò tíì ṣubú. Orúnkún kì í ṣe nǹkan kan fún wa."

Bàbá Tánkò fi ojú rẹ̀ wo ọ̀nà ibi tí Dánjúmà dùbúlẹ̀ sí nínú yàrá, ó tún wo Sànní.

"Ṣé bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe rò ó náà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò mọ òfin yín, ẹ̀yin náà kò mọ tiwa. Ojú Dánjúmà ti lọ, n kò wá sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Mo wá sọ pé kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀."

"Ta ló tún mọ èyí lánàá?"

"Èmi," ni Sànní wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ nígbà náà, èyí tí ẹ̀ṣẹ́ Gàrbà kò rí mú jáde. "Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ẹ̀rù bà mí, n kò sọ̀rọ̀."

Bàbá Tánkò ní kí wọ́n bá òun pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin jáde. Ẹnì kan dá a lóhùn pé wọ́n ti kírun tán, wọ́n sì ti kọjá sí odò. Arúgbó náà kò tún wá bàtà. Ó ní kí wọ́n gbé òun gun ẹṣin, ó ní kí Sànní di okùn gàárì mú, wọ́n sì sáré gba Kọ́fà Dókà jáde nínú eruku.

Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Nínú omi tí ewúrẹ́ ń là kọjá láàárọ̀, àwọn ọkùnrin bí ogójì ń pa ara wọn. Ọ̀pá irin ń bá eegun, ó ń dún kọ́ọ́. Ọmọ alápatà kan jókòó sí bèbè odò, ó di etí rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín ìka rẹ̀. Ọ̀bẹ ti la èjìká Kàmọ́rù títí dé ìgbọ̀nwọ́, síbẹ̀ ó ń fi ọwọ́ kejì ju irin, ó ń bú ìyá ẹni tí kò rí. Bàbá Tánkò da ẹṣin wọ àárín wọn, ó kígbe lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn alápatà gbọ́ ohùn olórí wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ ọ̀bẹ kalẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle.

Àwọn ọmọ Sabon Gari kò mọ ohùn yẹn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọ̀tá dẹ ọwọ́, àti pé olórí wọn ló wà lórí ẹṣin níwájú yìí, láìsí nǹkan kan lọ́wọ́. Láwàl ló kọ́kọ́ sáré sí i. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń ríran, ó ti gbé ọ̀pá irin sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, orúnkún arúgbó náà ló dojú kọ. Sànní ju okùn gàárì sílẹ̀, ó wọ àárín. Ó ké pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó na apá òsì rẹ̀ sókè.

Irin náà bà á lórí apá náà. Eegun rẹ̀ dún, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

Láwàl rí ẹni tó lù. Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Ó wólẹ̀ ti Sànní, ó ń pe orúkọ rẹ̀ léraléra, ó fẹ́ gbá apá náà mú, ó bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó tún ju nǹkan kan. Bàbá Tánkò ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ lórí ẹṣin. Ó tú láwàní rẹ̀, ó fi di apá Sànní mọ́ àyà rẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi Hausa sọ fún gbogbo èrò, ìhà méjèèjì, ohun tí ọmọ náà wá sọ ní àgbàlá òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Sabon Gari gbọ́ Hausa dáadáa. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ó bá jẹ́ pé Sànní ti sọ gbólóhùn kan náà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ọjọ́bọ̀, bóyá Kàmọ́rù ìbá ṣì lè gbé ẹrù lórí. Èjìká rẹ̀ kò san mọ́ títí ayé. Ọmọ alápatà tó jókòó sí bèbè kò fi etí yẹn gbọ́ràn mọ́. Sànní mọ èyí, ó sì máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ títí ó fi dàgbà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń to eegun fún àwọn alápatà ló to apá rẹ̀. Ó jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́ díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá wọn ti dé láti Agége. Ó ní dandan ni kí Láwàl lọ bẹ Dánjúmà nílé rẹ̀, kí ó lọ fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe gbé òun tàbí àgbà kankan síwájú. Láwàl ní kò sí ìyọnu. Ó wọṣọ, ó rìn tagbáratagbára títí ó fi dé etí Kúbánní, Sànní sì tẹ̀lé e, aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ní etí omi, Láwàl dúró. Ẹni tí kò bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ rí, tó ń pariwo pé ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni, ó ti ń wo ẹ̀yìn.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tí mo fọ́ lójú?" ni ó wí. "Sànní, n kò lè lọ. Jẹ́ ká padà."

"Èmi náà kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn," ni Sànní dá a lóhùn. "Ẹ̀rù náà ṣì ń bà mí báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì bọ́ sínú omi ṣíwájú. Dánjúmà kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Láwàl dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Dánjúmà kọ ojú sí ògiri, ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n jókòó. Láwàl tún padà lọ ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tẹ̀lé ìyẹn. Ó ń gé koríko fún àwọn màlúù Dánjúmà, ó ń pọn omi sí ìkòkò rẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀ mọ́, ó kàn ń wá. Oṣù kẹta ni Dánjúmà tó kí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹ wo Kàmọ́rù àti Láwàl. Akin ni wọ́n láàárín àwọn ènìyàn wọn, níbi tí gbogbo ẹnu ti ń sọ ohun kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìgboyà, ibi tó mọ́ wọn lára ni. Ojo ni wọ́n ń pe Sànní, òun ló sì lọ síbi tí ẹnì kankan kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá wà tí o mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kó rìn ín, má dúró dìgbà tí ẹ̀rù bá kúrò lára rẹ, nítorí ó lè má kúrò. Gbé e dání, kí o máa lọ.